Àìsàn Asger àti Búrẹ́dì Vibeke

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni fóònù ilé ìdáná ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní Denmark dún. Vibeke ń bẹ pòtétò lọ́wọ́, kò sì dìde. Henning, ọ̀gá ilé ìdáná, ló gbé e.

"Ó dáa. Ó dáa, mo gbọ́. Pẹ̀lẹ́ o, sinmi dáadáa." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Asger ni. Ó ní òun ti ń bì láti ìdájí, òun sì ń yàgbẹ́ gbuuru."

Vibeke kò gbójú sókè. "Ta ló gbá bọ́ọ̀lù lánàá?"

Henning rẹ́rìn-ín. Kò sí ará Denmark tí kò mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n ni, orílẹ̀-èdè wọn sì wà níbẹ̀.

"Ṣé o wá rí i," ni Vibeke wí. "Kì í ṣe àìsàn ló ń ṣe é. Bíà ló ń ṣe é."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Vibeke Dalsgaard ti ń se oúnjẹ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà yìí, kò sì gba ìsinmi àìsàn rí, àfi ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Ìgbà yẹn pàápàá, ọjọ́ kẹta ló padà dé pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì, tó ń fi ọwọ́ òsì ro ọbẹ̀. Ìtàn yìí ni ẹni tuntun máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kó tó ríbi fi kóòtù rẹ̀ kọ́. Asger, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń bá wọn pín oúnjẹ tó sì ń gé ẹ̀fọ́, ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ti ṣàìsàn. Vibeke ló bá a kà á.

Bẹ́ẹ̀ àìsàn wà nílùú lóòótọ́. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń pè ní àìsàn Roskilde ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà, wọ́n sì ti ti kíláàsì méjì pa. Ní ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: ẹni tó bá bì tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, ó di ìgbà tí odindi ọjọ́ méjì bá kọjá lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti dá. Vibeke ti ka ìwé náà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò ní oúnjẹ èèyàn mẹ́rìnlélógójì láti sè kí ọ̀sán tó pọ́n.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Henning tún mú ìròyìn wá. "Ó ní èébì ti dá láti ọ̀sán àná. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ó dá lánàá, ó wá di ọjọ́ Ẹtì?"

"Òfin ọjọ́ méjì yẹn ni, Vibeke."

"Òfin tó dùn mọ́ ọn lára."

Lisbet, obìnrin tó ń fọ abọ́, yọjú láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo rí ajá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí."

"Ajá nìkan?"

"Ajá kì í fún ara rẹ̀ lókùn dì mú kó máa rìn kiri."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Vibeke fi ṣe oúnjẹ jẹ títí di aago mẹ́ta. Èèyàn tí kò lè dìde gé kárọ́ọ̀tì, ó lè mú ajá jáde. Inú bí i gan-an, nítorí iṣẹ́ èèyàn méjì ló ti ń ṣe láti ọjọ́ Ajé. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó bu ọbẹ̀ ẹran díẹ̀ sínú ìkòkò kékeré, ó gbé e ka iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì wa kẹ̀kẹ́ lọ sílé Asger. Ó ní òun ń lọ kí aláìsàn. Ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ tó ń jẹ́: ó ń lọ ṣọ́ ọ ni.

Asger ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, orí nìkan ló yọ.

"Áà, Vibeke. Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi gbé e kalẹ̀ síbi àtẹ̀gùn yẹn, ẹ má sún mọ́ mi."

"Kí ló dé? Ṣé mo máa jí tẹlifíṣọ̀n ẹ ni?"

"Rárá o. Ara mi ò tíì mọ́ ni. Kòkòrò yẹn ṣì lè wà lára mi."

"O mú ajá jáde lónìí."

"Ajá ò mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn. A lọ ká ṣọ́ọ̀bù, a padà. Mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni."

Vibeke wo ojú rẹ̀. Ó funfun lóòótọ́, àmọ́ ojú àwọn tó mutí náà máa ń funfun. Ó gbọ́ ariwo èrò láti inú ilé, bíi pé wọ́n tún ń gbé bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú sáfẹ́fẹ́. Ìgbà yẹn ló rántí ọgbọ́n kan.

"Jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Ọ̀nà jìn."

"Vibeke, ó sàn kí ẹ má—"

Ó ti wọlé. Nínú tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fara balẹ̀ ṣe ohun tó bá wá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi bo ibi ìwẹ̀, ó ṣí ìdérí garawa kan tó wà nílẹ̀. Kò rí agolo bíà kankan. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ fìrí láìlo ọṣẹ, ó sì fi aṣọ ìnura tó kọ́ síbẹ̀ nù ún. Nígbà tó jáde, Asger ti jìnnà sí i, ó dúró sí ìsàlẹ̀ yàrá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa tí ẹ bá délé."

"Ọmọdé ń kọ́ mi ní ìmọ́tótó," ni Vibeke wí lọ́kàn ara rẹ̀ bó ṣe gun kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ búrẹ́dì. Ní ibi iṣẹ́ wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ nílẹ̀ Denmark, ẹnì kan ló máa ń gbé búrẹ́dì wá fún gbogbo èèyàn láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Orúkọ wà lára ògiri, ẹni tó kàn ló kàn. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì gbàgbé lọ́dún méjì sẹ́yìn, títí di òní wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Vibeke ló kàn lọ́sẹ̀ yẹn, tirẹ̀ kì í sì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, ó sì máa ń ṣe é pọ̀, kí ó lè ṣẹ́ kù fún àwọn àgbà tó ń gbé ní ìhà àríwá ilé ìtọ́jú náà. Ibẹ̀ ni Ellinor, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ń gbé.

Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ẹtì náà, inú Vibeke dédé yí. Ó sáré dé tọ́ílẹ̀ẹ̀tì, ó sì bì títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Jørn, ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé kí n pe Henning?"

"Pé kí o sọ kí ni fún un?"

"Pé o ń bì."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹja díndín àná ni."

"Èmi náà jẹ ẹja yẹn, Vibeke."

"Jørn, ọjọ́ búrẹ́dì mi lòní. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí wé Asger ni?"

Ó mu tíì gbígbóná, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì. Nígbà tó débi iṣẹ́, ó fi sánítáísà pa ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó la búrẹ́dì sí méjì méjì, ó fi bọ́tà sí i, ó fọwọ́ to wàràkàṣì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ó ya adìyẹ bíbọ̀ wẹ́wẹ́, ó pò ó mọ́ ọbẹ̀ ẹyin tútù àti ewébẹ̀, ó gbé ọpọ́n ńlá náà sínú firíìjì fún oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú àwọn àgbà ìhà gúúsù. Láàárín èyí, ó sáré lọ sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Lisbet wò ó, Vibeke ní kọfí ni.

Asger wọlé láàárọ̀ yẹn, ó ti rù. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí Lisbet fi bi í léèrè bóyá ó fẹ́ bó awọ rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n jókòó sídìí búrẹ́dì, kò mú ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, inú mi ò tíì lè gba bọ́tà."

"Ó lè gba bíà," ni Vibeke sọ fún Lisbet, ó sì rí i dájú pé Asger gbọ́. Vibeke fúnra rẹ̀ kó èyí tó kù sínú àwo, ó gbé e lọ fún àwọn ará ìhà àríwá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn àgbà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti di mọ́kànlá, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì méjì àti Lisbet. Gbogbo àwọn àgbà tó dùbúlẹ̀, ìhà àríwá ni wọ́n ti wá. Aago méje ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá gbé Ellinor àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun, Mogens Toft, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Omi ti tán lára àwọn méjèèjì. Kó tó di ìgbà yẹn, Henning ti pe Vibeke wá sẹ́nu iṣẹ́ nítorí kò sí èèyàn. Inú rẹ̀ ti rọlẹ̀ láti ọ̀sán àná, ó sì wá.

"Ọjọ́ tí ọmọ yẹn padà wọlé gan-an," ni Vibeke wí. Ó ti rí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé wọn wọ ọkọ̀. "Òun ló kó o wá. Ó gbé àwo lọ sí ìhà àríwá lọ́jọ́ Ẹtì, mo fi ojú mi rí i. Òun nìkan ni kò sì jẹun. Kí ló dé tí kò jẹ?"

Henning gbà á gbọ́. Ó sọ fún Asger pé kó jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, pé àwọn méjèèjì máa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ tó bá yá.

Aago mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀ dé. Solvej Krabbe ni orúkọ rẹ̀, obìnrin kékeré tó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ́fíìsì.

"Ọ̀nà tí àìsàn yìí gbà wọlé ni mò ń wá, mi ò wá ẹni tí mo máa bá wí," ló sọ fún Vibeke. "Ṣé ẹ bì láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Ṣé inú yín ṣe bákan, kódà lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mi ò gba ìsinmi—"

"Mi ò béèrè ìsinmi. Èébì ni mo béèrè."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Vibeke. Ó rò ó pé wọ́n á ní òun náà dà bí Asger. Ó rò ó pé Lisbet á gbọ́.

"Rárá," ló wí.

Solvej kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù nígbà tí Vibeke gbọ́ ohùn Henning àti Solvej nínú ọ̀nà àárín ilé.

"Ìhà gúúsù ńkọ́?" ni Henning bèèrè. "Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Ebi á máa pa wọ́n."

"Ta ló ṣe oúnjẹ wọn?"

"Vibeke ni, lọ́jọ́ Ẹtì. Asger ò débẹ̀ rárá."

"Tó bá jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ṣe é, tó sì ti wà nínú firíìjì látìgbà yẹn, wọ́n lè jẹ ẹ́."

Vibeke rí ọpọ́n náà tí wọ́n gbé e ka kẹ̀kẹ́ oúnjẹ. Adìyẹ tí òun fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ya. Èèyàn méjìlélógún ló wà ní ìhà gúúsù, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ò lè jẹ. Ẹ̀rù bà á. Ó sáré, ó sì di irin kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Ẹ má gbé e lọ."

Henning yíjú. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Èmi ni mo bì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní ìdájí. Mo yàgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú, títí di ọ̀sán àná. Mo ṣe búrẹ́dì, mo ṣe èyí náà. Ọwọ́ mi ni."

Henning gbé ọpọ́n náà, ó da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí.

"Mo fi sánítáísà pa ọwọ́," ni Vibeke wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Sánítáísà kì í pa kòkòrò yìí dáadáa," ni Solvej fèsì. "Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́. Tí ẹ bá tiẹ̀ fọ ọwọ́, ẹni tó ń bì ò gbọdọ̀ sún mọ́ oúnjẹ ẹlòmíì. Díẹ̀ báyìí tí ojú ò lè rí ti tó láti dá èèyàn dùbúlẹ̀. Níbo lẹ rò pé ẹ ti kó o?"

Ìgbà yẹn ni Vibeke rántí aṣọ ìnura ilé Asger. Ó sọ ọ́, ojú sì tì í gidigidi bó ṣe ń sọ ọ́, garawa àti kọ́bọ́ọ̀dù àti gbogbo rẹ̀.

"Kòkòrò yìí ṣì máa ń jáde lára èèyàn lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá," ni Solvej wí. "Ìdí ọjọ́ méjì yẹn nìyẹn. Ọmọkùnrin yẹn ṣe ohun tó yẹ. Ó ní kí ẹ má wọlé."

Asger ti jáde sẹ́nu ọ̀nà yàrá aṣọ, ó ti gbọ́ ohun gbogbo. Vibeke lọ bá a, àmọ́ ó dúró jìnnà díẹ̀.

"Mo purọ́ mọ́ ẹ, Asger. Mo bà ẹ́ lórúkọ jẹ́ níwájú gbogbo wọn."

"Mo gbọ́ ti bíà yẹn," ni Asger wí. "Mi ò kì í mu bíà. Inú mi ò gbà á láti kékeré, inú yìí náà ló ń jẹ́ kí n máa tètè ṣàìsàn. Ẹ ò bi mí rí." Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì lọ bá Solvej nu ilẹ̀.

Wọ́n lé Vibeke lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, kó lè pé ọjọ́ méjì rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó dé ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ti ń jókòó, wọ́n ṣì ń fa omi sí i lára, ọwọ́ rẹ̀ ti rí tín-ín-rín lórí aṣọ ibùsùn. Wọ́n ti sọ fún Vibeke ní ẹnu ọ̀nà pé Mogens Toft kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò mọ̀ bóyá ìyá òun ti gbọ́.

"Màmá, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Ellinor wò ó. "Mogens ní kí n bá òun kí ẹ. Ó ní búrẹ́dì ọjọ́ Ẹtì yẹn dùn gan-an. Méjì ló jẹ."

Vibeke jókòó sídìí ibùsùn náà, ó sì sunkún.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín létí. Tí ẹ bá bì tàbí tí ẹ yàgbẹ́ gbuuru, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ pe ọ̀gá yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró sílé. Ẹ ka odindi ọjọ́ méjì láti ìgbà tó dá, ẹ má ka láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ tàbí tó ń tọ́jú àwọn àgbà, ọmọdé àti aláìsàn. Ara tó ti fúyẹ́ kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti tán. Nílé, ẹ má ṣe oúnjẹ fún ẹlòmíì. Ẹ ya aṣọ ìnura yín sọ́tọ̀. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sánítáísà nìkan, kí ẹ sì fi omi tó ní kilorín tó ń pa kòkòrò nu tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má yin ẹni tó ń gbé àìsàn wá síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti sọ pé ara òun ò yá yóò fi í pamọ́, àwọn tí kò lágbára ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́, ẹ yé ṣọ́ ẹni tó gba ìsinmi àìsàn. Tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá sì bi yín ní ìbéèrè nígbà àjàkálẹ̀, ẹ sọ òótọ́ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú bá tilẹ̀ ń tì yín, nítorí oúnjẹ ọ̀sán kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni búrẹ́dì kàn lọ́jọ́ Ẹtì tí inú yín ń yí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún méjì. Búrẹ́dì wà ní ṣọ́ọ̀bù.